Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ Ra Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọkùnrin kan wà nílé wa tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ là ń pè é. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ti ń pa aṣọ tó sá síta, "Mo ti mọ̀" ni yóò sọ látorí àga, kò sì ní dìde. Ẹ̀mí mi ò lè gbé e, ká má parọ́.

Ọdún méjì gbáko nìyàwó rẹ̀ fi wá iṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá pè é, wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà làwọn yóò ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ìyàwó ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká ní íńtánẹ́ẹ̀tì tiwa. Ti Àǹtí Télọ̀ la ṣì ń lò látọjọ́ tá a ti kó débí."

Òótọ́ ni. Àǹtí Télọ̀, tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé, ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn. Ó tún gba ọ̀gá nímọ̀ràn, "Ẹ bi àwa tá a ti pẹ́ ládùúgbò. Oríṣi mẹ́ta ni mo lò kí n tó rí èyí tí kì í sùn tójò bá ń rọ̀."

"Mo ti mọ̀!"

Ó bá gba ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù nígboro lọ, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ gbé omi tútù fún un, ó pè é ní ọ̀gá àgbà. Ó parí!

Ọmọbìnrin náà ní, "Sà, àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé, ká lè wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa débẹ̀?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ó débẹ̀. Mo ti mọ̀!"

Ó gbé àpótí náà délé, ó kì í bọ iná, iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin tàn. Ó ṣí fóònù, fíìmù ń lọ geere. Háà! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń pè wá wọ pálọ̀ wá wò ó, bí ẹni ní ká wá kí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. Aago mẹ́wàá lù, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá mẹ́ta nílé iṣẹ́ tó pè é sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lókè. Ọkọ ò lè jókòó. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀, níbi tí mo ti ń dúró de ṣòkòtò mi.

"Ìyàwó mi ń lo tèmi lókè báyìí, kò já! Tiyín yẹn, ìgbín ló ń fà á."

Àǹtí Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ kú oríire. Ẹ ò nílò tèmi mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù mi."

"Ẹ pààrọ̀ ẹ̀! Ta ló fẹ́ lò ó?"

Àǹtí Télọ̀ tẹ fóònù rẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan, igbe sọ lókè: "Mo gbé o! Ó ti lọ!"

Ọ̀gá sáré gòkè. Ó gbá àpótí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e lórí jáde sí bàkónì. Ó wá pe ilé iṣẹ́ náà, ohùn ọmọbìnrin yẹn sì ń jáde ketekete, gbogbo ilé ń gbọ́ ọ.

"Sà, a ti ń pè yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò tíì dé àdúgbò yín."

"Kí ni mo wá ń lò láti ọ̀sẹ̀ kan?"

Ìyàwó ti gbé kọ̀ǹpútà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kóòtù lókè, ìró nísàlẹ̀. Àǹtí Télọ̀ pa gbogbo maṣíìnì, ó fi í jókòó, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún un. Ojú àwọn ọ̀gá mẹ́ta náà sì tún yọ.

Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Bí ẹ bá dé ibi tí iṣẹ́ kan ò yé yín, kí lẹ máa ṣe?"

"Sà, màá béèrè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ṣòkòtò mi síbẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀gá rọra yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, àpótí lábẹ́ apá, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àǹtí Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́... kí ni pásíwọ́ọ̀dù tuntun yẹn?"

Àǹtí Télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán.

"Ẹ ti mọ̀."