Àtùpà Tí Àjẹkì Pa ní Sakété

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Sakété lánàá kò lẹ́gbẹ́: wọ́n ní ẹnìkan pa àtùpà. Níwájú sú-pírẹ́fẹ́, aṣojú ìjọba wa tuntun, ni wọ́n ti pa á, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, tí oòrùn ń ràn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un.

Olùpẹjọ́ ni Mùsíè Bonaventure, pírésídáǹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ni ilé-iṣẹ́ epo pupa. Láti ìgbà tí Dàhòmì ti gba òmìnira ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò tíì ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Lánàá ó ṣí i, nítorí iná ti dá ihò lu àárín rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ni Fáṣínà, ọmọ ìlú Ahoyéyé, tí ń bá ẹgbẹ́ náà tún ẹ̀rọ àti wáyà ṣe.

Kábíyèsí ní, "Bonaventure, kí lo fẹ́?"

"Kábíyèsí, ẹ lé Fáṣínà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì kéde pé olè ni. Kó má fọwọ́ kan wáyà mọ́ láti ibí títí dé Pọ́bẹ̀!"

"Kí ló jí?"

"Àpótí irin tó bá àtùpà iná mànàmáná tí ẹgbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá, èyí tí wọ́n ń pè ní ìjánu iná. Nítorí pé kò sí níbẹ̀ ni àtùpà fi bú gbàù, tí iná sì ta sí ṣòkòtò funfun sú-pírẹ́fẹ́."

"Níbo lára ṣòkòtò?"

Bonaventure wolẹ̀. "Ibi tí a fi ń jókòó ni, Kábíyèsí."

Olóyè Èṣùbíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́. Kábíyèsí kọjú sí Fáṣínà.

"Ìwọ lo pa àtùpà?"

"Kádé pẹ́ lórí. Èmi kọ́. Àjẹkì ló pa á."

"Àtùpà ń jẹun?"

"Ó ń jẹun ju àna tó wá kí ni lọ! Igi èédú méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó fi wọ́n kanra, ẹ ó yà wọ́n díẹ̀, iná á sì fò láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń jẹ iná tó ni ebi ṣe ń pa á sí i. Kì í mọ̀ pé òun yó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá gúrúpù tó bá a mu, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún un, tí a sì ń fi àpótí ìjánu sáàárín, kó máa bá wa wọn oúnjẹ fún un."

"Ta ló yan gúrúpù?"

"Méjì ló wà níbi tí a ti rà á ní Kútọnu. Mo yan kékeré, tí ohùn rẹ̀ tutù, tí iná rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ara páálí àtùpà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé irú rẹ̀ ló yẹ. Pírésídáǹ ní àwọn ò lè ra ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọ́n mú pupa ńlá."

Bonaventure fò dìde. "Àwọn ará Pọ́bẹ̀ ní ẹ̀rọ! Ṣé ti Sakété ló yẹ kó kéré? Bí tiwa bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Aguidi!"

"Iná la ní kí o rà," ni Èṣùbíyìí wí, "àbí ariwo?"

"Olóyè, níbi tí ariwo bá wà niyì wà."

"Kí ló dé tí ẹ tàn án lójú ọ̀sán?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Sú-pírẹ́fẹ́ kì í dúró di alẹ́. Kò sì yẹ kó jẹ́ oòrùn nìkan ni yóò tàn nígbà tí àlejò pàtàkì bá wà."

Kábíyèsí nu ojú. "Fáṣínà, o rí i pé ìjánu kò sí, o sì tan iná?"

"Mo kọ̀, Kábíyèsí. Pírésídáǹ fọwọ́ ara wọn tàn án. Èmi ti wà lẹ́yìn igi ọ̀pẹ."

Wọ́n pe Zacharie, akọ̀wé ẹgbẹ́, kó wá jẹ́rìí sí i pé olè ni Fáṣínà.

"Kábíyèsí, àpótí yẹn kò dé Sakété rárá. Mo búra."

"Ta ló gba ẹrù nígbà tí ọkọ̀ dé?"

"Èmi ni."

"O sì fọwọ́ sí ìwé fún ohun tí kò dé?"

"Ó dé, ṣùgbọ́n ó ṣófo."

Fáṣínà pariwo, "Ọkùnrin mẹ́rin ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Ó ṣófo, Kábíyèsí," ni Zacharie wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣùgbọ́n ó wúwo."

Obìnrin kan nawọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà. Hortense ni, onígàrí ará Aguidi tí ń tẹ gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ epo, tó ti ń retí láti àárọ̀ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ṣé àpótí dúdú ni, tó ní etí méjì, tó wúwo bí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ?"

"Òun ni!" ni Fáṣínà dáhùn.

"Ó wà lórí àpò ẹ̀gẹ́ mi. Òun ni mo fi ń tẹ omi gàrí."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́.

"Ta ló fún ọ?"

Hortense fẹnu tọ́ka sí pírésídáǹ. "Mùsíè náà ni. Ẹ̀rọ pupa ń gbọ̀n, ló bá wá kó òkúta mẹ́ta tí mo fi ń tẹ gàrí, ó lóun fẹ́ fi tì í lẹ́sẹ̀. Mo sunkún. Ló bá ní kí wọ́n gbé àpótí yìí fún mi. Ó ní, 'Gbà, Hortense, òmìnira ti dé inú gàrí.'"

"Bonaventure?"

"Kábíyèsí, mo fọwọ́ kan àpótí náà ní Kútọnu nígbà tí wọ́n ń dán àtùpà wò, ó gbóná. Mo wò ó, kò tàn. Ohun tí ń jẹ iná ìlú tí kò tàn, kí ni a fẹ́ fi ṣe?"

Èṣùbíyìí wo àwọn olóyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó fi ojú yẹn wo ìgbìmọ̀ o."

"Kí ló wá dé tí o fi pe ọmọ ọlọ́mọ lólè?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Sú-pírẹ́fẹ́ bèèrè ẹni tó ṣe é. A gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan dárúkọ."

Kábíyèsí na ìrùkẹ̀rẹ̀.

"Fáṣínà kì í ṣe olè. Kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ gbé ẹ̀rọ pupa padà sí Kútọnu. Fáṣínà ni yóò yan èyí tó bá àtùpà mu. Àpótí ìjánu yóò padà síbi tó yẹ ẹ́."

"Gàrí mi ńkọ́?" ni Hortense bèèrè. "Òkúta mi ti fọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ!"

"Mo ń bọ̀ lórí tìrẹ. Bonaventure, títí o ó fi rí òkúta mẹ́ta tó tẹ́ obìnrin yìí lọ́rùn, ìwọ ni òkúta. Lọ́jọ́ tó bá ń tẹ gàrí, o ó lọ jókòó lórí àpò títí omi á fi gbẹ. O ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Òkúta kì í sọ̀rọ̀."

"Kábíyèsí! Èmi, pírésídáǹ?"

"Nítorí pé pírésídáǹ ni ọ́ ni mo fi gbà pé ìwọ̀n rẹ á tó."

Hortense dìde. Ó yí Bonaventure ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ń ra ewúrẹ́, ó gbé etí agbádá rẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì mi orí.

"Kábíyèsí, aṣọ ló pọ̀. Ẹ bá mi fi akọ̀wé lé e lórí."