Òṣùpá Ọ̀sán Tú Mi Fó Lójú Àna Mi

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi pàápàá, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú han àwọn òbí Dúpẹ́ ní Ìyìn-Èkìtì. Ara mi yá gágá lọ́jọ́ náà! Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn débi pé bí wọ́n bá ní kí n fẹsẹ̀ rìn láti Adó, eré ni ǹ bá sá.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Dúpẹ́ ṣe fún mi ká tó wọkọ̀ ní gáréèjì Fájuyì l'Adó. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀ jù o. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan wá nítorí ẹ̀gbọ́n mi rí, ó ń sọ àsọdùn, Bàbá ní alásọdùn kò ní fẹ́ ọmọ àwọn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè ní Rédíò!

Inú ọkọ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìyá kan tó jókòó tì mí gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé itan. Nígbà tá a fi máa sọ̀ kalẹ̀, epo ti kun iwájú ṣòkòtò funfun mi. Bá a ṣe dé iwájú ilé wọn, mo rí àgbàlagbà kan tó dúró, mo sì na gbalaja sílẹ̀: "Ẹ káàsán o, Bàbá!" Bàbá náà fò sẹ́yìn.

"Dìde," Dúpẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Káfíńtà tó ń bá wa kan páànù ni."

Àgbàlá ni Bàbá gan-an wà, níbi tí Màmá ti ń bẹ iṣu tí wọ́n máa fi gúnyán fún wa. Bàbá béèrè iṣẹ́ mi, mo dáhùn ní ṣókí. Wọ́n béèrè ìlú mi, mo dáhùn ní ṣókí. Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀!

"Ṣé o ò ní já ọmọ mi kulẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Rárá sà" ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n Rédíò ti tan ara rẹ̀. Mo dìde, mo nawọ́ sókè: "Èmi kẹ̀, Bàbá? Ọjọ́ tí mo bá já Dúpẹ́ kulẹ̀, òṣùpá á yọ lọ́sàn-án!"

Bàbá wòkè. Màmá wòkè. Dúpẹ́ wòkè, ó fọwọ́ bojú. Èmi náà wòkè. Yéè! Òṣùpá ni mo rí, ìdajì rẹ̀, funfun báláú, ó jókòó sókè òrùlé, oòrùn sì ń ràn yòò lápá kejì!

"Ẹ jáde nínú ulé o!" Màmá ké sí àwọn àbúrò Dúpẹ́. "Ẹ wá wòkè!"

Kí n gbà kí n jókòó, n ò gbà. Mo ní ìkùukùu ni. "Ìkùukùu tó dà bí igbá tí wọ́n là sí méjì?" ni Bàbá wí. Mo ní bóyá ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé ni. Mo sún sẹ́yìn kí n lè tún un wò dáadáa, ni mo bá jókòó gbìì sínú agbada omi tí Màmá kó iṣu sí. Epo níwájú, omi iṣu lẹ́yìn! Káfíńtà tó ti gun òrùlé rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà inú Bàbá ti jí. "Ta ló sọ fún ọ pé alẹ́ nìkan ni òṣùpá ń jáde? Ayé yìí ló ń yí po, oòrùn ló sì ń tàn sí i lára tá a fi ń rí i. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lóṣù ló máa ń wà lókè lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó kójú rí. Tó bá sún mọ́ oòrùn jù la kì í rí i. Tó bá sì di àrànmọ́jú, ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣáà gbójú sókè."

Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi. "Ó dáa. Oṣooṣù ni òṣùpá ń yọ lọ́sàn-án. Ṣé oṣooṣù lo fẹ́ máa já ọmọ mi kulẹ̀ ni?"

Mo rò ó pé ibi tọ́rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ parí sí ni tèmi náà máa parí sí. Omi ń ro tó-tó lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò mi. N ò rí àsọdùn kankan sọ mọ́.

"Rárá sà," ni mo wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo ti fẹ́ gbọ́ látàárọ̀ nìyẹn. Màmá Dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká gúnyán wa."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó fi nǹkan búra, kó kọ́kọ́ wòkè. Dúpẹ́ ti di ìyàwó mi, Adó la sì ń gbé báyìí. Ṣùgbọ́n Bàbá ò gbàgbé o! Gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá ti yọ lọ́sàn-án, fóònù mi á dún: "Àna mi, mo ń wòkè lọ́wọ́ báyìí. Kí lo tún fi ọmọ mi ṣe?" Ẹ̀rín á pa mí. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn pé kò sí nǹkan kan, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo Dúpẹ́ ná, kó dá mi lójú.