Ẹjọ́ Ìgbálẹ̀ Muhayo

Ẹjọ́ kan já lu Mirzohid, Baálẹ̀ àdúgbò wa, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Kì í ṣe ẹjọ́ ààlà ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ àgùntàn tó sọnù. Ẹjọ́ ìgbálẹ̀ ni.

Ilé tíì tó wà létí odò ni Baálẹ̀ ti máa ń dájọ́. Ó ká ẹsẹ̀ jọ sórí pátákó ìjókòó rẹ̀, abọ́ tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: "Ọdún kọkànlélógún rèé, mi ò dìde lórí ìjókòó nítorí ẹjọ́ rí. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń rí gbogbo ayé." Òótọ́ sì ni. Kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un nídìí búrẹ́dì pé ìyàwó tuntun tó wà nílé Turgunoy, ọ̀lẹ paraku ni. Nítorí náà, ẹjọ́ ti jinná nínú Baálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kaná.

Ìyàwó tuntun ọ̀hún wọlé. Muhayo lorúkọ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló dé ilé ọkọ. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbá nǹkan kan tó fi aṣọ wé mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ dá mi padà sílé bàbá mi. Ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí lo ṣe?"

"Wọ́n ní mi ò kí í gbá ojúde."

Gbogbo ilé tíì mí kanlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó tí kò bá gbá ojúde ilé ọkọ rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, òun àti olè, ọgbọọgba ni.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá Hosiyat, aládùúgbò wa. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ nílé òkú, wọ́n sọ ọ́ títí ìyá ọkọ mi fi gbà á gbọ́."

Turgunoy, ìyá ọkọ, fi ìborùn bo ẹnu. "Baálẹ̀, kí ni kí n ṣe? Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo máa ń sùn lásìkò yẹn. Ẹnu ayé ni mo gbọ́."

Hosiyat kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó ti fò síwájú.

"Èmi rèé! Mo sọ ọ́, màá tún un sọ! Ìyàwó mẹ́rìndínlógún ni mo ti wò ní àdúgbò yìí, mi ò sì ṣì í rí. Tí n bá ti wo ojúde obìnrin, mo ti mọ bí ọbẹ̀ rẹ̀ á ṣe rí, mo ti mọ irú ọmọ tó máa bí!"

"Àsìkò wo lo máa ń wò ó?"

"Ìgbà tí mo bá jí ni. Àgbà kì í sáré jí."

"Kí lo máa ń rí?"

"Ẹ̀gbin! Ilẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, eṣinṣin ń ṣe ìgbéyàwó lórí ẹ̀!"

Muhayo ní, "Èso ṣátútì yín tó kún fún omi dúdú ni, Màmá. Igi yín ló na ọwọ́ kọjá ògiri sójúde wa. Tí mo bá gbá a tán, á tún já bọ́."

Hosiyat pa àtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu! Igi tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ! Baálẹ̀, igi mi ní ìtìjú. Tó bá rí i pé ilẹ̀ mọ́, kì í já nǹkan sí i. Ilẹ̀ ẹlẹ́gbin ló ń pe èso!"

Àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó ti Baálẹ̀ mi orí. Baálẹ̀ náà mi orí, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀rọ̀ tó fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ mu. Ó ní kí ẹlẹ́rìí wá.

Sotvoldi oníwàrà ló kọ́kọ́ dé. "Mo fi ojú ara mi rí i, Baálẹ̀. Kì í gbálẹ̀."

"Ọ̀nà ibẹ̀ lo máa ń gbà?"

"Rárá o, ọ̀nà odò ni tèmi."

"Báwo lo ṣe wá rí i?"

"Màmá Hosiyat ló sọ fún mi."

"Ojú ta ni nígbà náà?"

"Ojú Màmá Hosiyat ni. Ṣùgbọ́n etí tèmi ni, Baálẹ̀."

Ó kan Oyimhon oníbúrẹ́dì, tí ààrò rẹ̀ kọjú sí ilé Turgunoy.

"Ọ̀lẹ ni! Kí wọ́n tó pe ìrun, eruku ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti kún inú ìyẹ̀fun mi. Gbá, gbá, gbá! Kò jẹ́ kí n sinmi!"

"Dúró ná. Tó bá ń gbálẹ̀ tí eruku fi ń wọ ìyẹ̀fun, báwo ló ṣe wá jẹ́ ọ̀lẹ?"

Oyimhon rò ó, ó tún un rò. "Ọ̀lẹ tó ń gbálẹ̀ ni."

Baálẹ̀ gbé abọ́ tíì kalẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bára mu, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì bá ọ wí. Ẹnu méjì kì í parọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ gbé ẹrù rẹ..."

Muhayo tú aṣọ tó gbá mọ́ àyà. Ìgbálẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.

"Ilé ìyá mi ni mo ti gbé e wá, Bàbá. Lọ́jọ́ tí mo dé, ìbàdí mi ló ga dé."

Ìgbálẹ̀ ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́.

"Ó ń ha á mọ́ òkúta ni!" Hosiyat ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ó ń jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń ha á mọ́ òkúta!"

"Bàbá, ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ má sì gba tiwọn. Ẹ dìde, ẹ wá wò ó."

Dìde kẹ̀? Ọdún kọkànlélógún, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i rí. Baálẹ̀ wo kùkùté ìgbálẹ̀, ó wo ọwọ́ tó dì í mú. Ọwọ́ náà ti yi bíi ti darandaran. Orúnkún Baálẹ̀ dún kẹ́kẹ́. Ó dìde.

Gbogbo wọn wọ́ tẹ̀ lé e lọ sójúde Turgunoy. Muhayo bẹ̀rẹ̀, ó fi kùkùté yẹn gbá ojúde títí ilẹ̀ fi dán. Baálẹ̀ dúró sí àárín, lábẹ́ ẹ̀ka ṣátútì, ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀.

Pọ́! Èso kan já bọ́ sílẹ̀. Pọ́! Èkejì bá fìlà Baálẹ̀. Pọ́, pọ́, pọ́! Ó bá èjìká, ó bá àyà, omi dúdú ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀ lọ sára aṣọ funfun, ó rẹ ẹ́ bí aró.

Ìgbà yẹn gan-an ni Hamdam yọ láti kọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ lòun náà, ṣùgbọ́n kò dé ibì kan lásìkò rí. Ó wo Baálẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Haà! Baálẹ̀! Ṣé báyìí lẹ ṣe jáde nílé? Àgbàlagbà tí kò lè jẹun kó má da á sára! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìyàwó yín kì í fọṣọ!"

Baálẹ̀ nawọ́ sókè sí ẹ̀ka. Ó ní, "Igi ni."

"Igi ló mú yín jẹun bí ọmọ ọwọ́?"

"Mo ní igi ni, Hamdam!"

"Bí gbogbo ẹlẹ́gbin ṣe máa ń wí nìyẹn."

Baálẹ̀ yíjú, ó rí Muhayo. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó ni, bí ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Baálẹ̀ nu irùngbọ̀n, ó sì dájọ́ ní ìdúró.

"Igi kò jẹ̀bi, ẹ má gé e. Hosiyat, láti ọ̀la títí ṣátútì yóò fi tán, kó o wà lábẹ́ igi rẹ kí oòrùn tó yọ. Èso kọ̀ọ̀kan tó bá já sójúde Turgunoy, pariwo rẹ̀ kí àdúgbò gbọ́: 'Tèmi ni!' Tó bá já ọgọ́rùn-ún, pariwo ọgọ́rùn-ún. Sotvoldi, ìwọ tí etí rẹ ń ríran, a ó fi aṣọ di ojú rẹ fún ọjọ́ méje. Jókòó tì í, máa gbọ́ ọ bóyá ó fo ọ̀kan. Oyimhon, ìwọ tó rí ọ̀lẹ tó ń gbálẹ̀, bá mi ṣe búrẹ́dì tí kò ní ìyẹ̀fun, kó o gbé e wá lọ́la. Turgunoy, fi ọwọ́ ara rẹ tú ẹrù ọmọ ọlọ́mọ."

Hamdam ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kọ́. Ẹjọ́ àìwádìí tí mo fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ lo bù fún mi lọ́sàn-án. Ó kan èmi náà. Aṣọ yìí ni n ó wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Ẹtì, láìfọ̀. Ẹni bá sì sọ̀rọ̀ sí mi, mi ò gbọdọ̀ ṣàlàyé."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ẹrù Muhayo wà nínú yàrá. Baálẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ alábàwọ́n, àwọn èèyàn ń pòṣé, ó ń gbé e mì.

Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ohùn Hosiyat ti há. Muhayo gbé tíì gbígbóná jáde fún un, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta. Hosiyat gbà á, ó mu ún, ó bojú wo inú abọ́, ó yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sétí Sotvoldi:

"Tíì yìí ṣàn jù. Ìyàwó tí tíì rẹ̀ bá ti ṣàn báyìí..."

Pọ́! Èso kan já sínú abọ́, tíì ta sí i lójú.

Sotvoldi, tí aṣọ dì lójú, na etí. "Màmá, ta ló ni ìyẹn?"

Hosiyat nu ojú. Ó mí kanlẹ̀.

"Tèmi ni."