Ẹnu Tí Wọ́n Fi Wáyà Dì

Ẹnìkan bi mí léèrè rí pé: "Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá, tí wọ́n fi ohùn nìkan sílẹ̀ fún un, ṣé aya rẹ̀ yóò ṣì gbọ́ ọ yé?" Ìdáhùn mi nìyí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1994. Joaquim, tó ti fìgbà kan jẹ́ akọ̀wé lọ́yà ní Igbosere, jókòó sórí àga. Ó pẹ́ tó ti máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì máa ń dúró lójú oorun. Níkẹyìn dókítà gé eegun àgbọ̀n rẹ̀, ó sún un síwájú kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, ó sì fi wáyà di eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ kẹsàn-án rè é. Ẹnu wú, ohùn nìkan ló ń gba imú jáde. Ohun tó ní lọ́kàn ni mo kọ sínú àkámọ́.

Joanna aya rẹ̀ wọlé, ó gbé ife ògì àti róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń fà á mu dání.

JOANNA: Bàbá Títí, ẹ fà á. Mo ti bu epo ẹja ṣíbí mẹ́ta sí i, kí ara yín lè tètè le.

Joaquim fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

JOAQUIM: M̀-ḿ-m̀. (Èébì.)

JOANNA: Àdúrà?

JOAQUIM: M̀-ḿ-m̀! (Èébì!)

JOANNA: Àdúrà! Ẹ wá gbọ́ o! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, bí mo bá ní ká gbàdúrà, ẹ ó ní lọ́yà ń dúró dè yín. Àṣé ẹnu yín ló ń dí Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n dì í tán, ẹ̀mí wọlé!

Ó kúnlẹ̀.

JOAQUIM: Ḿ-m̀! Ḿ-m̀! (Pláyà! Pláyà!)

JOANNA: Préyà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kó lè dá mi lójú. Bí dókítà ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn: "Ìyá, préyà ò gbọdọ̀ jìnnà sí wọn tọ̀sán-tòru. Bí inú bá rú wọn, tí wọ́n fẹ́ bì, préyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá mú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á há wọn lọ́fun, wọn ò ní lè mí." Mo wo ojú ọmọ dókítà náà, mo ní, kékeré yìí mọ Ọlọ́run.

Joaquim na ìka sí abẹ́ ẹnu rẹ̀ tó wú.

JOAQUIM: M̀-m̀! (Àgbọ̀n!)

JOANNA: Agbọ̀n?

Ó sáré wọ yàrá, ó gbé agbọ̀n jáde.

JOANNA: Òun rè é. Ọrẹ lẹ fẹ́ dá sí i? Ẹ̀mí yìí mà wọlé jìnnà o!

Joaquim ti agbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa síléètì, ó kọ̀wé wàràwàrà. Joanna gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó dorí rẹ̀ kodò.

JOANNA: Kí lèyí? Ṣé adìẹ ló rìn kọjá ni? Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ṣe akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá yín bẹ adájọ́ kó sún ẹjọ́ síwájú, torí ẹ̀yin fúnra yín ò lè ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jẹ́ ká fi ohùn ṣe é. Ohùn yín já gaara.

Joaquim fi ìka méjì ṣe bí ẹni ń gé nǹkan níwájú ẹnu.

JOANNA: Kí n gé e kúrú? Ó da. Olúwa, ní kúkúrú...

JOAQUIM: Ḿ-ḿ! (Rárá!)

JOANNA: Túnjí?

JOAQUIM: Ḿ-ḿ! Ḿ-ḿ! (Rárá! Rárá!)

JOANNA: Ẹ fẹ́ kí Túnjí tó ń tún rédíò ṣe wá bá wa ṣe àmín? Ó wà nísàlẹ̀, kò tíì lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọlúàbí ni. Ó gòkè wá kí yín láàárọ̀, ẹ ń sùn. Ó ní rédíò oníbàárà kan wà lọ́wọ́ òun, òun ò rí nǹkan fi gé wáyà. Mo ní, "Mú irin tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn yìí. Orí tábìlì ló kàn jókòó sí. Kò wúlò fún wa."

Joaquim dìde dúró. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó fi ìka gbá irin tó ń dán láàárín eyín.

JOAQUIM: Ḿ-m̀! (Wáyà!)

JOANNA: Préyà, mo ti gbọ́, ṣebí mo wà lórí ìkúnlẹ̀...

Ó wo eyín ọkọ rẹ̀. Ó wo orí tábìlì tó ṣófo.

JOANNA: Wáyà. Ohun tí wọ́n fi ń gé wáyà. Bí wọ́n bá fẹ́ bì, kí n kọ́kọ́ gbá a mú... Bàbá Títí, àbí ẹ fẹ́ bì ni?

JOAQUIM: M̀-ḿ-m̀! (Èébì!)

JOANNA: Yéè! Pláyà ni dókítà wí! Ọkùnrin yìí, kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ̀rọ̀?

Ó já okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó so ó mọ́ agbọ̀n, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀.

JOANNA: Túnjí! Túnjí o! Má tíì lọ! Fi pláyà sínú agbọ̀n yìí, kíá! Bàbá Títí, ẹ tẹ̀ síwájú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e mì. Ẹ ronú nǹkan mìíràn. Ẹ ronú ìyá mi.

Joaquim kérora. Èyí kò ní ìtumọ̀ tí mo lè kọ.

JOANNA: Ẹ má ronú ìyá mi mọ́!

Ó fa okùn sókè. Ó ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, ó mú ìwé àdúrà jáde.

JOANNA: Túnjí! Ta ló ní kó o fi préyà ránṣẹ́? Tiwa pọ̀ nílẹ̀! Pláyà! Èyí tó ń gé wáyà!

Agbọ̀n sọ̀kalẹ̀, agbọ̀n gòkè. Joanna fi ọwọ́ méjèèjì gbá pláyà mú, ó dúró ti ẹnu ọkọ rẹ̀ bí káfíńtà tó fẹ́ yọ ìṣó. Joaquim di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mí sínú, ó mí síta. Inú rẹ̀ kùn, ó kùn sí i. Ó gùnfẹ̀ gba imú. Gbogbo ilé gbọ́ òórùn ẹja.

JOANNA: Ó ti lọ?

JOAQUIM: Ḿ-m̄-m̄. (Ó ti lọ.)

JOANNA: Èwo ló wá ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, préyà ni àbí pláyà?

Joaquim fa síléètì, ó rọra kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò lè kà á: MÁ BU EPO ẸJA SÍ I MỌ́.

Joanna fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde.

JOANNA: Ẹ dárí jì mí. Dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa. Etí mi ló ti sùn lọ.

Joaquim kọ ọ́: O KÌ Í SÙN? MI Ò HANRUN MỌ́.

JOANNA: Ìyẹn gan-an ni. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń ka èémí yín. Bó bá dúró, mà á fi ìgbọ̀nwọ́ gún yín, ẹ ó tún gbéra bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ọkàn mi á balẹ̀. Ní báyìí ẹ ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Èmi ló ń dìde, tí mò ń gbé etí lé yín láyà: ṣé wọ́n ṣì wà? Oorun ọdún méjìlélógún lẹ jẹ mí, ẹ tún lọ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án lé e.

Joaquim gba pláyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú àpò ara rẹ̀. Ó mú Joanna jókòó sórí àga. Ó gbé ọwọ́ obìnrin náà lé àyà ara rẹ̀, níbi tí èémí ti ń lọ tó ń bọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìwé àdúrà Túnjí rìn dé etí tábìlì, ó já bọ́. Joanna ta gìrì.

JOANNA: Bàbá Títí! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!

Joaquim ká ètè sókè, ó fi wáyà hàn án. Ó nawọ́ sí i.

JOAQUIM: M̀-m̄-m̄. (Ìwọ ni.)

JOANNA: Èmi kẹ̀? Èmi ò hanrun o. Gbèsè ọdún méjìlélógún ni mò ń gbà, a kì í sì í gba irú rẹ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́.