Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́jọ Àtàńdá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé gbèsè tó bá ti di orin, ẹni tó jẹ ẹ́ ni yóò jó o? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́ pín in káàkiri, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ṣìfáwù aláta ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá. Ó ń sáré bọ̀ láti ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ata ń já bọ́ nínú igbá rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Iwájú ìsọ̀ Ìyá Dúródọlá elépo ló dúró sí.

"Ìyá Dúródọlá, mo gbọ́ ohùn rẹ nínú mọ́tò Ìwó."

"Ohùn mi? Èmi tí n kò kúrò lórí àpótí yìí láti ìdájí?"

"Ohùn rẹ ni. O ń bá Àtàńdá jà nínú rẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ sì ń jó."

Ìyá Dúródọlá wò ó bí ẹni ń wo ayédèrú owó. Opó ni obìnrin yìí, ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí irú irọ́ tí wọn kò tíì pa fún un lọ́jà. Ṣùgbọ́n orúkọ Àtàńdá tí Ṣìfáwù dá ló mú un dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àtàńdá fún yín. Ó máa ń fi àga, kánópì àti gbohùngbohùn háyà fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó. Ní ọdún tó kọjá, ó gba kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́jọ lọ́wọ́ Ìyá Dúródọlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun fẹ́ gbé e lọ tà ní Sókótó, bí òun bá ti dé, òun yóò sanwó. Ó lọ. Ó tà á. Ó dé. Ó fi owó epo ra gbohùngbohùn tuntun mẹ́rin tó ga ju ènìyàn lọ, ó wá fi kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́jọ ránṣẹ́ sí olówó, ó ní kó máa fọwọ́ wọ́nú.

Igba ẹgbẹ̀rún náírà, gbogbo ohun tí opó yẹn ní láyé nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tó ń ta epo ní ìgò ìgò, tí àwọn tó ń ra kẹ́ẹ̀gì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé igi ló wà níbẹ̀. Àsìkò tí epo máa ń pọ̀, tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀, tí àwọn elépo ń ra ti ọdún pamọ́, sì ti ń sún mọ́. Bí kò bá rí owó yẹn gbà kó tó di ìgbà náà, ìsọ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ká jókòó sílé.

Kò da kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn nù. Ó tò wọ́n síwájú ìsọ̀ bí ọmọ iléèwé. Ní àràárọ̀, kó tó tajà, á fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, bí àwọn elépo ṣe ń ṣe láti mọ èyí tó kún. Bó bá kan ìkẹjọ, á ní: "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, Àtàńdá. Owó dà?" Àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Lámidì atúnfóònùṣe wà nínú ìsọ̀ kejì, ó ń gbọ́. Lámidì fẹ́ràn orin bí ẹni máa kú, ṣùgbọ́n kò mọ dùùrù, kò mọ gìtá, bó bá sì pàtẹ́wọ́ níbi ìkómọ, ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ á bú sẹ́kún. Kò bá ẹnikẹ́ni kọ́ iṣẹ́ orin rí. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló ní, tí ojú rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Á fi fóònù gba ohùn ohunkóhun tó bá wù ú, á kó o sínú kọ̀ǹpútà, á gé e, á tò ó, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó di orin.

Ta ni Ìyá Dúródọlá tún máa fura sí? Ó lọ dúró lé e lórí. "Lámidì, wọ́n ní ohùn mi wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ fún yín."

"Ìgbà wo? Nígbà tí o bá tà á tán?"

"N kò tà á o. Mo kàn fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ni, òun náà fi ránṣẹ́, wọ́n bá ń pín in kiri."

"Ta ni onílù rẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Òrùka yín ni ìlù."

"Ta ló ń fun fèrè?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni, lọ́jọ́ tí bẹntiróòlù fẹ́ tán nínú rẹ̀."

"Ta ló wá kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ìyá. Èyí tó bá dùn, mo fi sílẹ̀. Èyí tí kò bá dùn, mo yọ ọ́."

"Bí èmi náà ṣe kọ́ ọbẹ̀ nìyẹn," ìyá ní. "Tan án kí n gbọ́."

Lámidì tan án. Kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀ǹ kọ̀ǹ, ẹ̀rọ ata ń húkọ́ lábẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ kan dá sí i, ni ohùn opó bá já wọlé: "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, Àtàńdá. Owó dà? Owó dà? Owó dà-dà-dà?" Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Dúródọlá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Ó fi ti òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Pa á."

Lámidì pa á.

"Ibo ló dé?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó ti dé Ìlọrin."

"Ṣé Àtàńdá ti gbọ́ ọ?"

"N kò mọ̀, ìyá."

"Tan án padà. Yí i sókè."

Kò pẹ́ tí Àtàńdá fi gbọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló wà. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jó èyí. Àtàńdá bá gbé ìdajì irùngbọ̀n lọ sílé. Ó dé ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fo okùn, wọ́n ń ka kẹ́ẹ̀gì. Ìyàwó rẹ̀ ń mi ìdí nídìí ààrò.

"Bàbá Ṣẹ̀yẹ, Àtàńdá kan mà wà nígboro tó jẹ gbèsè epo. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yẹn pè yín níta o, kí wọ́n má baà ṣì yín mú."

Ní Sátidé, wọ́n háyà gbohùngbohùn rẹ̀ fún ìṣílé. Orin kejì kò tíì parí tí àwọn ọ̀dọ́ fi fi èyí sí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: gbohùngbohùn mẹ́rin tó fi owó epo rà ló ń bi í léèrè owó epo, ohùn rẹ̀ ń dé àdúgbò mẹ́ta. Àtàńdá fa wáyà yọ. Onílé ní òun kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tó pa orin òun lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan aláìṣẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn Àtàńdá mẹ́ta tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ wọ́ dé ìsọ̀ Ìyá Dúródọlá. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì ló ṣáájú wọn.

"Ìyá," ó ní, "ọdún keje rèé tí dókítà ti ní kí n má fẹnu kan epo. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Àwọn tí mo fi ẹgba kọ́ ní ìwé ló wá ń bi mí léèrè kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ lójú títì."

"Ẹ má bínú, sà. Lámidì, gbé fóònù wá." Ó sọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere: "Àtàńdá tó ń fi àga háyà ni mo ń wí o. Kì í ṣe ọ̀gá iléèwé."

Lámidì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin. Ibi "kì í ṣe ọ̀gá iléèwé" yẹn ni àwọn ọmọdé wá fẹ́ràn jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àtàńdá gan-an yọ.

"Ìyá Dúródọlá, ẹ ti fi orin bà mí lórúkọ jẹ́."

"Èmi kọ́? Èmi kì í kọrin. Mo ń ka kẹ́ẹ̀gì mi ni."

Ó yọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lápò. "Ẹ gba ìdajì. Kí n má tún gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í mọ́ ìdí. Ó wá yíjú sí kẹ́ẹ̀gì, ó fi òrùka kàn án: "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, Àtàńdá. Ìyókù dà?"

Fóònù Lámidì ti wà ní títàn.

Orin tuntun yìí wá yára tàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó ti gbọ́ mẹ́jọ ń fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Àwọn tí Àtàńdá kò mọ̀ rí ń kí i lọ́nà: "A gbọ́ pé ó ku mẹ́rin. Ẹ kú ìsapá." Ènìyàn márùn-ún ké sí i fún háyà lọ́sẹ̀ náà, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tí olúkúlùkù ní kó bá àga wá fúnra rẹ̀, àwọn fẹ́ fi í han àlejò.

Ọjọ́ kẹfà, ó di ìyókù sínú ìnujú, ó gbé e wá. Orin ń lọ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ Lámidì, gbogbo ọjà ti pé jọ. Ìyá Dúródọlá jókòó, ó ń ka owó, kò kánjú. Àtàńdá dúró níwájú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó dì í mú. Ni ìdí bá gbà á lọ́wọ́ èjìká.

"Àtàńdá," Ṣìfáwù pè é, "ṣé ìwọ lò ń jó yẹn?"

"Èmi kọ́. Orin yẹn ló dùn."

Bó ṣe ń jó ni opó ń kà, ó jó títí owó fi ku ẹyọ kan. Ìyá Dúródọlá gbé ẹyọ yẹn sókè sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó fi lé ìyókù. Ó wá na ọwọ́, ó fi òrùka kan kẹ́ẹ̀gì kẹjọ, kọ̀ǹ.

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, Àtàńdá. Owó pé."

Òógùn ń já bọ́ lójú Àtàńdá, kò tíì dúró. Àwọn àgbà ọjà wo ara wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí: gbèsè tó bá ti di orin, ẹni tó jẹ ẹ́ ni yóò jó o.