Fìlà Tó Ń Ṣọ́ Ipò

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú fìlà mi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àká ọba, nínú igbó kan tí n kò ní dárúkọ, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń tètè bínú. Àgbọ̀nrín tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àáyá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eégbọn lára ọmọ rẹ̀, ọmọ tí kò ní eégbọn kankan lára.

Àṣà kan wà nínú igbó yìí láti ayé Erin, ọba tó wàjà. Bí ààfin bá ní kí òṣìṣẹ́ kan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ di ipò mìíràn mú fún ìgbà díẹ̀, yóò bọ́ fìlà rẹ̀, yóò sì gbé e kọ́ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Níwọ̀n ìgbà tí fìlà bá wà lára ìṣó, ipò náà ti ní ẹni tó ni ín. Bí àkókò bá pé, á padà, á dé fìlà rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ṣọ́ àká. Inú ihò igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, torí ẹni tó bá ń ṣọ́ àká ló ni ihò náà. Nígbà tí alágbàtọ́ àwọn ọmọ ọba lọ bímọ, Ìkookò, olórí òṣìṣẹ́ ààfin, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ ìyá mi! Títí òjò á fi dá ni o. Ìwọ nìkan lo lè sáré bá àwọn ọmọ yẹn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé fìlà rẹ̀ kọ́, fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ihò etí méjì, ó sì lọ. Òjò dá, alágbàtọ́ padà dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà padà sí àká. Ìṣó wà níbẹ̀, fìlà kò sí. Nínú àká, Ọ̀yà, àbúrò ìyàwó Ìkookò, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ àgbàdo tó yẹ kó máa ṣọ́.

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni," Ọ̀yà sọ, ẹnu rẹ̀ kún. "Kó má lọ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó gbàgbé, kó àwọn ọmọ rẹ kúrò nínú ihò mi kílẹ̀ tó ṣú."

Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kó àwọn ọmọ lẹ́yìn, ó di ààfin.

Ẹnu géètì ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó lọ́jọ́ náà. Òjò ti ba òrùlé gbọ̀ngàn jẹ́, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ti ń tún un ṣe ti lọ ṣe iṣẹ́ onígbà-díẹ̀ nínú oko Ìkookò. Kìnnìún jókòó, ó fẹ̀yìn ti òpó géètì. Lókè orí rẹ̀ ni fìlà pupa ńlá kan wà lára ìṣó, ó ti kún fún eruku, aláǹgbá sì ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wòkè.

"Kábíyèsí," Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, "ipò mi ni mo wá béèrè."

"Ṣebí o fi í sílẹ̀?" Kìnnìún béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀."

Ìkookò, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, fi àkísà kékeré kan nu òógùn ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà díẹ̀ náà ti pé. Iṣẹ́ tuntun ti parí, o sì ti kúrò nídìí ti àtijọ́. Ààfin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

Ìkookò nawọ́ sí ọ̀nà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dìde lórí eékún.

"Fìlà mi wà lára ìṣó nígbà tí mò ń lọ."

"Òun náà dà?" Ìkookò tún nu ojú. "Kábíyèsí, àṣà fìlà yìí ń dààmú wa. Ẹ jẹ́ ká fòpin sí i. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ onígbà-díẹ̀, bí ìgbà bá pé, kò ní ti tuntun, kò sì ní ti àtijọ́. Kí wọ́n já gbogbo fìlà tó wà lára ìṣó, kí wọ́n dáná sun wọ́n."

Kìnnìún di ojú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun. "Òfin gidi nìyẹn," ó ní. "Kò sì gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àáyá fi ọwọ́ pa á, ó fi ẹsẹ̀ pa á. Àgbọ̀nrín pa tirẹ̀ títí pátákò rẹ̀ fi ń ta á, bẹ́ẹ̀ fìlà tirẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́bàá odò níbẹ̀ yẹn.

Wọ́n dáná sẹ́nu géètì, Ẹfọ̀n ni wọ́n sì rán níṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá ní kí Ẹfọ̀n ṣe gan-an ló máa ń ṣe.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tó bá sún mọ́ ọ jù," ni Ìkookò wí.

Ẹfọ̀n wò yíká. Ó na ìwo kọjá orí Kìnnìún, ó sì yọ fìlà pupa náà. Aláǹgbá fò jáde. Eruku bo ọba.

"Ta ló ni eléyìí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọjú wo inú rẹ̀. Irun gígùn pupa rúsúrúsú wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹranko kan ṣoṣo ní lọ́rùn nínú gbogbo igbó. Ìgbà náà ni wọ́n wá rántí. Kìnnìún ló ń ṣọ́ géètì nígbà ayé Erin. Nígbà tí Erin wàjà, àwọn ìjòyè bẹ̀ ẹ́ kó ṣe adelé títí wọn yóò fi rí ọba mìíràn. Abẹ́ fìlà yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá láràárọ̀ láti wá dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé kí n sun ún?" Ẹfọ̀n béèrè.

"Bàbá Adelé," Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ jẹ́jẹ́, "bí ó bá jóná, tí ìgbà tiyín náà bá pé, ibo lẹ máa lọ?"

Kìnnìún wo fìlà. Ó wo iná.

"Ẹ gbé e kọ́ padà!"

"Tiyín nìkan?" Ẹfọ̀n béèrè.

Kìnnìún gbọn eruku orí rẹ̀. "Ti gbogbo yín. Àṣà ni àṣà. Kí ẹni tí fìlà rẹ̀ bá wà padà sí ipò rẹ̀. Ẹ wá fìlà Ọ̀kẹ́rẹ́ jáde."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí ìgbà Adelé máa pé. Wọ́n tú abẹ́ àga. Wọ́n tú inú koríko. Wọ́n ní kí Ọ̀yà la ẹnu, àgbàdo nìkan ló wà níbẹ̀. Ìkookò ló ń pariwo jù nínú àwọn tó ń wá a, òógùn sì bò ó, ó ń nu ojú, ó ń nu ọrùn.

Nígbà tó na àkísà náà kó lè fún omi ara rẹ̀ dànù, oòrùn gba inú ihò etí méjèèjì kọjá, ó sì tàn sí ojú Ọ̀kẹ́rẹ́.