Dalsu àti Òkè Tí Kò Lópin

Ẹnu Dalsu ti gun gbogbo òkè tó wà ní erékùṣù Jeju kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà orí ẹyọ kan ṣoṣo. Kò sí ohun tí èèyàn máa sọ tí Dalsu kò ní ti ṣe rí, kó sì ṣe é jù ú lọ. Bí o bá ní o rí ẹja ńlá kan, òun ti fi ọwọ́ lásán mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí otútù bá ń mú ọ, òun ti sùn sórí yìnyín rí, ooru ló tún mú un. Èèyàn rere ni o. Kì í jalè, kì í bú ẹnikẹ́ni, ó sì mọ fóònù tún ṣe débi pé àwọn arúgbó máa ń kó ọsàn wá fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnu nìkan ni. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ká ní wọ́n mọ Dalsu ni, wọn ì bá ní ẹnu dùn ún gòkè.

Ilé oúnjẹ kan lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òun àti Suhyang jókòó sí. Suhyang ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ọsàn. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó dá sí i. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ Dalsu lára débi pé bó bá ti rí i, bí ẹni da epo sí i lẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ á kàn máa yọ̀ jáde. Suhyang ní òun fẹ́ràn láti máa gun oreum ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn àwọn òkè kéékèèké tí iná ilẹ̀ tú jáde láti inú wọn láyé àtijọ́, tí iná ọ̀hún kú, tó wá fi kòtò bí abọ́ sílẹ̀ lórí wọn.

"Oreum?" Dalsu rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà lẹ̀ ń pè ní òkè? Èmi tí mo gun òkè Halla, èyí tó ga jù ní erékùṣù yìí, nínú yìnyín, tí mo tún pọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀?"

"Ta lẹ pọ̀n, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ará Seoul kan ni. Kò tiẹ̀ dúró sọ orúkọ."

Suhyang gbé tíì rẹ̀ mu. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mú mi gun oreum kan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú."

Dalsu kò ní bàtà òkè. Ó sáré lọ sílé àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti máa ń gun òkè nígbà èwe, ó sì kó gbogbo ẹrù ọkùnrin náà pátá. Inú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn ni bàtà ọ̀hún ti wà láti ìgbà tí Dalsu ṣì ń lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ó ń dán bíi tuntun.

Nígbà tó di Sátidé, Dalsu dé ìdí òkè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, okùn lọ́rùn, akoto lórí, iná lára akoto, àti àpò ẹ̀yìn tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bàtà kánfáásì ni Suhyang wọ̀, ó mú ike omi kan dání. Àwọn ìyá arúgbó tó lọ já ewébẹ̀ ìgbẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ wọn, àpò lẹ́yìn wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dúró.

"Ọmọ mi, ṣé ogun ti dé ni?"

"Rárá, Màmá. Òkè la fẹ́ gùn."

Arúgbó náà wo òkè, ó wo Dalsu, ó tún wo òkè. "Èyí tí mo máa ń gbà kọjá lọ sóko ọmọ mi yìí?"

Dalsu ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò tíì jìnnà tí ọ̀fun rẹ̀ fi ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná. Ó na ọwọ́ dá Suhyang dúró.

"Dákẹ́. Gbọ́ o. Òkè yìí ń mí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń mí."

Ó sinmi díẹ̀, ó fa èémí símú. "O gbọ́ òórùn yẹn? Iná ilẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó ti kú, irọ́ ni. Ẹni tó bá mọ òkè lá mọ̀."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín wò."

Ìgbẹ́ ẹṣin ni. Ibi tí Dalsu ti ń nu bàtà lára koríko ni ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti já kúrò lódindi, tó nà sílẹ̀ bí ahọ́n màlúù. Ó ní ohun tí àwọn àgbà olókè máa ń ṣe nìyẹn kí ẹsẹ̀ lè fúyẹ́. Kò sọ̀rọ̀ náà tán tí ti òsì fi tẹ̀ lé e. Ó wá di pé kó fi okùn ọrùn rẹ̀ di ìtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà, bàtà mọ́ ẹsẹ̀, bí ẹni ń di adìyẹ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní òkè kò ní bàtà, ẹni tó ní bàtà kò ní ìtẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé etí kòtò lókè, oòrùn ń wọ̀ lọ sínú òkun. Omi díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ kòtò náà, ó pọ́n bí omi ọsàn. Ẹnu Dalsu kú pátápátá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ látàárọ̀ ni pé kó sọ fún un pé òun fẹ́ kí ìyá Suhyang mọ òun. Ó yíjú sí i. Bó ṣe yíjú ni ìkùukùu gbéra láti ojú òkun, ó sì bo òkè mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká padà," Suhyang wí.

"Fọkàn balẹ̀. Mo mọ ọ̀nà àbùjá."

Ó ṣíwájú. Wọ́n kọjá lára ibojì àtijọ́ kan tí wọ́n fi òkúta ṣe ọgbà yí ká, ẹṣin funfun kan dúró tì í. Suhyang tú ìborùn pupa rẹ̀, ó so ó mọ́ òkúta ọgbà náà. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n tún bá ibojì pàdé.

"Ẹṣin funfun pọ̀ lórí òkè yìí o," ni Dalsu wí. "Wò ó, ẹnìkan tiẹ̀ ní irú ìborùn rẹ."

"Mo rí i."

Ẹni tó bá ń rìn létí abọ́, ibo ló fẹ́ dé? Wọ́n sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Dalsu rìn jìnnà, ẹṣin kan náà ló ń rí. Nígbà tí wọ́n tún débẹ̀, Suhyang tú ìborùn náà, ó sì wé e mọ́ ọrùn. "Otútù ti ń mú mi," ló wí.

Dalsu wo ìborùn. Ó wo ẹṣin. Ẹṣin náà wò ó. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo èjìká Suhyang, ó wá jókòó sórí òkúta.

"Suhyang, n kò mọ ọ̀nà. N kò gun òkè Halla rí. Ọkọ̀ la fi dé agbede méjì, mo sì ń bì. Mo kàn fẹ́ kó o máa wò mí ni."

Kí Suhyang tó fèsì, Dalsu ti dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu, ó ké sínú ìkùukùu pé kẹ́nìkan gbà wọ́n: "Hóó-oò! Hóó-oò!"

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dalsu rò pé iná ilẹ̀ ló jí. Ó fò sẹ́yìn Suhyang, ó rántí ara rẹ̀, ó tún fò síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì. Ẹṣin ló rọ́ jáde láti inú ìkùukùu, agbo ẹṣin, wọ́n yí i ká, wọ́n ń fi imú tú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀kan fa ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun dì yọ nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tewé-tewé.

Bàbá Yang, ẹni tó ni àwọn ẹṣin náà, yọ tiná-tiná. "Ta ló ń pe àwọn ẹṣin mi wá jẹ iyọ̀? Èmi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Suhyang dáhùn. "A ṣìnà ni."

"Ṣìnà bọ́ síbo? Ẹ̀yìn ibojì yìí mà lọ̀nà wà."

Lóòótọ́, ẹ̀yìn ibojì ni. Dalsu wo Suhyang. "O mọ̀ ọ́n?"

"Abúlé wa ló wà nísàlẹ̀ yìí, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín máa tán sí ni."

Wọ́n tẹ̀ lé ẹṣin sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ Dalsu ṣe kan ilẹ̀ títẹ́jú ni ẹnu rẹ̀ tún jí. "Ẹ rí bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi? Ohùn tí ẹṣin ń bẹ̀rù, a kì í kọ́ ọ..."

Bàbá Yang gbé iná sókè wò ó, ó yíjú sí Suhyang. "Ṣé ọkọ rẹ nìyí?"

"Mo ṣì ń wò ó, Bàbá."

"Bí mo bá fẹ́ ra ẹṣin, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ là wò. Tìrẹ yìí ti bá ọ dín iṣẹ́ kù, kì í pa á dé."

Dalsu la ẹnu, ó rò ó, ó pa á dé. Inú ọkọ̀ tí Dalsu fi gbé e lọ sílé ni Suhyang ti dá kóòtù rẹ̀ padà fún un.

"Ìyá mi ní kí ẹ wá jẹun lọ́la," ló wí. "Mo ti sọ fún wọn pé ẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di òpùrọ́."

Dalsu ní nǹkan láti sọ sí i, ó ní i dáadáa. Orí ló fi dáhùn.